Àyẹ̀wò fún ọmọ tí ìwé kò wọ̀ lórí: kí la kọ́kọ́ ń ṣe, ta ló yẹ kó ṣe é, báwo la ṣe ń ka èsì rẹ̀?

Alámòójútó, Adó-Èkìtì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Láti ìgbà tí sáà yìí ti wọlé ni irú ìbéèrè kan náà ti ń dé. Ọmọ wà ní Púráímárì 4 tàbí JSS 1, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já gaara, ẹ rán an lọ sọ́jà, á gba ṣéńjì pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ìwé síwájú rẹ̀, kò lè ka ìlà méjì délẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wá ní kí wọ́n mú un lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì. Àwọn òbí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí dáhùn. Ìlànà la fẹ́, kí ó yé ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ ìlera tàbí iṣẹ́ olùkọ́.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ Wẹ́wẹ́, Ìdó-Èkìtì

Etí àti ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ "f" àti "s" dáadáa, kò sí bí kò ṣe ní ṣi àpèkọ kọ, èsì á sì jọ ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò gba ìwé.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun ní EKSUTH, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Adó, tàbí ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Audiometry ni orúkọ àyẹ̀wò náà. Wọ́n á dán etí kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀, ní ìró 500, 1000, 2000 àti 4000 Hz. Kí wọ́n ti yọ ìdọ̀tí etí kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Etí tó máa ń da ọyún lè gbọ́ràn dáadáa lóṣù yìí, kó má gbọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè ní olóríkunkun. Nítorí náà, bí etí bá ti ń da ọyún rí, ẹ sọ fún dókítà, kódà bó bá ti gbẹ.

Ní ti ojú, káàdì lẹ́tà tí wọ́n ń kà láti mítà 6 kò tó. Ọmọ tí kò rí ohun tó wà nítòsí dáadáa lè ka káàdì yẹn tán pátá, kí ojú máa ro ó lórí ìwé. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ti ìtòsí náà wò.

Ẹ kọ ìtàn ìlera ọmọ sínú ìwé kan: ṣé ó tètè ké nígbà tí wọ́n bí i, ṣé ibà pọ́njú mú un ní jòjòló, ṣé gìrì ti mú un rí, ọjọ́ orí wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kí ni genotype rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mú ti genotype ní òkúnkúndùn. Àrùn SS lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà nínú ọpọlọ ní ibi kéékèèké láìsí àmì kankan lára, kí ọkàn ọmọ má lè dúró lójú kan, kí ọwọ́ rẹ̀ sì falẹ̀. Bó bá ń lo oògùn warápá bíi phenobarbital, oògùn náà lè mú kí ìrònú rẹ̀ falẹ̀. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí tẹ́ẹ̀sì o. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tó lò ó, kí ẹ fún ẹni tó fẹ́ ṣàyẹ̀wò.

Tíṣà Púráímárì, Ìjerò-Èkìtì

Nọ́ọ̀sì ti sọ ti ara. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe kí ọmọ tó kúrò ní kíláàsì, torí ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo, wákàtí àkọ́kọ́ tó sanwó fún ni wọ́n á fi máa béèrè ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ti mọ̀.

Ẹ wá àyọkà bí ọ̀rọ̀ 100 láti inú ìwé kíláàsì tó fi ẹyọ kan rẹlẹ̀ sí ti ọmọ náà, èyí tí kò tíì kà rí. Ẹ̀dà kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ yín. Bó ṣe ń kà, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá ṣì, kí ẹ kọ ohun tó pè gan-an sókè rẹ̀. Èyí tó bá fúnra rẹ̀ tún ṣe, kì í ṣe àṣìṣe. Bó bá dúró níbi ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ pè é fún un, kí ẹ kà á sí àṣìṣe kan. Ká ní ó ṣi 14 nínú 100, ó ku 86. Ọmọ tó bá gba 95 sókè lè dá ka ìwé náà. Ẹni tó gba 90 sí 94 ń fẹ́ olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò tó 90, ìwé náà ti le jù fún un. Àyọkà mẹ́ta ni kí ẹ fi ṣe é, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láàárọ̀.

Irú àṣìṣe tó ṣe tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Ọmọ tó rí "house" tó pè é ní "horse" ń fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìrísí ọ̀rọ̀ dá a mọ̀, kò ka ohun tó wà láàárín. Ìyẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń pe "church" bíi pé "sh" ló wà níbẹ̀, tàbí tó ń sọ "th" di "t", ahọ́n Yorùbá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń gbàgbé "-ed" àti "-s" lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe náà ńkọ́? Yorùbá kì í fi nǹkan kan kún ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe, torí náà ẹ má kà á kún àìsàn. Yíyí "b" àti "d" padà kì í ṣe nǹkan bàbàrà títí ọmọ fi tó ọdún 7 tàbí 8.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ bíi mẹ́wàá kún un: gúfẹ̀, bìrósà, kẹlúmọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kan lè ti há gbogbo ìwé kíláàsì sórí, ọ̀rọ̀ tí kò rí rí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń ka lẹ́tà ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó pàtẹ́wọ́ fún sílébù àdàbà: à-dà-bà. Ẹ ní kó yọ "bà" kúrò nínú "bàtà", kó sọ ohun tó kù. Ọmọ ọdún 8 tí ẹ ti ṣàlàyé fún lẹ́ẹ̀mejì, tí kò sì lè ṣe èyí lédè tó ń sọ nílé, ó yẹ kí ẹ mójú tó o gan-an.

Fún ìṣírò, ẹ ní kó kọ "three hundred and five". Bó bá kọ 3005, kò tíì mọ ipò nọ́ńbà. Ẹ sì béèrè nọ́ńbà ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n ní márùndínláàádọ́ta, púpọ̀ nínú wọn kò ní mọ̀ pé 45 lẹ ń wí.

Ohun tí ẹ ó kó sínú fáìlì: àwọn àyọkà yẹn pẹ̀lú ọjọ́ wọn, ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ní sáà méjì sẹ́yìn, ripọ́ọ̀tì kádì ọdún méjì, iye ọjọ́ tí kò wá síléèwé. Ẹ tún kọ ohun tí ẹ ti ṣe láti ràn án lọ́wọ́ àti bó ṣe pẹ́ tó.

Kánsẹ́lọ̀ Sẹ́kọ́ńdírì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Mo fọwọ́ sí ìyẹn. Ní ti ẹni tó yẹ kó ṣe é: àwa kánsẹ́lọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ìwé ìbéèrè tiwa, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n C.G.M. Bakare ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, bíi Student Problem Inventory àti Study Habits Inventory. Wọ́n dára fún ohun tí wọ́n wà fún: ìṣòro tó ń dààmú akẹ́kọ̀ọ́ àti bó ṣe ń kàwé. Wọn ò lè sọ bóyá ọmọ ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro àkànṣe nínú ìwé kíkà. Kánsẹ́lọ̀ tó bá fi wọ́n kọ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti kọjá àyè rẹ̀.

Saikọ́lọ́jísìtì tó kọ́ nípa ìtọ́jú tàbí nípa ẹ̀kọ́ ni kí ẹ wá. EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) àti FUOYE (Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́) ní ẹ̀ka saikọ́lọ́jì. Ìkọ́ni ni iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dára láti béèrè ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ọmọdé nítòsí. Bí ẹ bá lè dé Ìbàdàn, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga olùkọ́ni àkànṣe ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Ọ̀yọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí wọ́n sì dáhùn kedere: orúkọ tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ó lò àti ẹ̀dà rẹ̀, ta ló máa jókòó ti ọmọ gan-an, ṣé ẹ ó bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣé owó yìí kan ripọ́ọ̀tì àti ọjọ́ tí ẹ ó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ọjọ́ wo ni ripọ́ọ̀tì máa jáde. Ẹni tó bá ní òun á parí gbogbo rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì IQ (ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń wọn òye) orí fóònù kò wúlò fún èyí rárá.

Saikọ́lọ́jísìtì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n tú inú tẹ́ẹ̀sì náà síta díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣi ọmọ púpọ̀ dá lẹ́jọ́.

Èyí tí ẹ ó máa rí jù nínú ripọ́ọ̀tì ni WISC, tẹ́ẹ̀sì tó ń wọn òye ọmọ ọdún 6 sí 16. Ẹ̀dà karùn-ún jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014. Ìsọ̀rí márùn-ún ló ń wò: ìmọ̀ ọ̀rọ̀, fífi ojú inú to nǹkan pọ̀, yíyanjú ohun tuntun, dídi nǹkan mú lọ́kàn fún ìgbà díẹ̀, àti ìyára. Àmì 100 ni agbedeméjì, bíi méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ló sì ń bọ́ sáàárín 85 sí 115. Èyí nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́ẹ̀sì ìmọ̀ ìwé mọ́ ọn, bíi WIAT tàbí Woodcock-Johnson, tó ń wo ìwé kíkà, àkọtọ́ àti ìṣírò. IQ lásán kò lè sọ pé ọmọ ní ìṣòro ìwé kíkà.

Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n WISC-V, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó jẹ́ pé kíláàsì nìkan ló ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ṣubú ní ìsọ̀rí ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Ká ní èsì rẹ̀ lọ báyìí: ìmọ̀ ọ̀rọ̀ 76, fífi ojú inú to nǹkan 101, yíyanjú ohun tuntun 103, dídi nǹkan mú 84, ìyára 88. Ẹni tó bá wo àmì àpapọ̀ nìkan á ní ọmọ yìí kò já fáfá. Irọ́ gbáà ni. Ìrònú rẹ̀ pé pérépéré; Gẹ̀ẹ́sì ló kéré, a sì gbọ́dọ̀ wádìí ohun tó ń fà á tí kò fi lè di nǹkan mú lọ́kàn. Ẹ máa béèrè àmì ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ripọ́ọ̀tì tó bá ní nọ́ńbà IQ kan ṣoṣo, ẹ dá a padà.

Raven náà wà, tí kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu: àwòrán tí apá kan rẹ̀ sọnù ni ọmọ á máa dí. Èyí tó láwọ̀ ní ìbéèrè 36, fún ọmọ ọdún 5 sí 11. Èyí tó wọ́pọ̀ fún àwọn tó dàgbà jù ní 60. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ abúlé, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ìwé kíkà.

Ìṣòro mìíràn: olùṣàyẹ̀wò á rí i pé ọmọ ò gbọ́ ìbéèrè, á yí i sí Yorùbá lójú ẹsẹ̀, á sì fún un ní àmì bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Òṣùwọ̀n tó wà nínú ìwé kò bá ìbéèrè tí a ti yí padà mu mọ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ó ṣe é lédè Gẹ̀ẹ́sì bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, kó gba àmì yẹn sílẹ̀. Bó bá parí, kó padà sí èyí tí ọmọ kùnà, kó bi í ní Yorùbá, kó kọ ìdáhùn yẹn sí ibòmíràn. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni yóò sọ iye tí èdè dí lọ́wọ́. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀.

Kódà ní Yorùbá, ẹ ṣọ́ra. Ọmọ tó dàgbà sí Ọ̀mùò tàbí Ẹ̀mùré lè rí àwòrán ilé kó pè é ní "ulé", kó pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́". Olùṣàyẹ̀wò tó wá láti ibòmíràn lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kò lè pe ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé Èkìtì ni ọmọ ń sọ nílé. Bí ìyá àgbà ló tọ́ ọ, ẹ sọ ìyẹn náà.

Ẹ tún béèrè láti rí àpótí tẹ́ẹ̀sì. Àwọn kan ṣì ń lo àwòkọ WISC-R ti 1974. Láti ìran dé ìran, àmì tí àwọn ọmọ ń gbà lórí òṣùwọ̀n àtijọ́ ń ga sókè, bíi 3 ní ọdún mẹ́wàá, ní àwọn ìlú tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tó ti gbó lè gbé ọmọ ga ju bó ṣe wà lọ, kí ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ má rí i gbà. Àwòkọ tí àwòrán rẹ̀ ti ṣú tún ń da ojú rú. Bí ọmọ bá sì ti ṣe tẹ́ẹ̀sì kan, kó tó ọdún kan ó kéré tán kí wọ́n tó tún fún un ní irú rẹ̀, torí á ti mọ̀ ọ́n.

Orúkọ àìlera náà kò gbọ́dọ̀ ti ibi tẹ́ẹ̀sì nìkan wá. DSM-5, ìwé tí àwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé, sọ pé ìṣòro náà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán bí wọ́n tilẹ̀ ń ràn ọmọ lọ́wọ́. Ó sì fi àmì tó jẹ́ bíi 78 tàbí tó kéré sí i lórí tẹ́ẹ̀sì ìmọ̀ ìwé ṣe ìwọ̀n tó dáni lójú jù. Ìdí nìyẹn tí fáìlì tí Tíṣà Ìjerò sọ fi níye lórí lójú tèmi.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta, Ẹfọ̀n-Aláayè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n kọ ọ́ sí ripọ́ọ̀tì pé "percentile 16". Ṣé 16 nínú 100 lọmọ gbà ni?

Saikọ́lọ́jísìtì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

Rárá, bàbá. Ó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ sórí ìlà, bíi 16 ló wà níbi tó wà tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àmì 85 ló bá 16 mu, 100 bá 50 mu, 70 bá 2 mu. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ àmì náà, ẹ ó rí nǹkan bíi 80 sí 91. Àárín yẹn ni agbára ọmọ ti ṣeé ṣe kó wà. Nítorí náà, 69 àti 71 kò jìnnà síra wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àmì méjì gé ọmọ yín sọ́tọ̀. Kódà ẹni tó bọ́ sábẹ́ 70, a gbọ́dọ̀ wò bó ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, bó ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, bó ṣe ń náwó, kí a tó sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà tó.

Ìyá Olóṣù Mẹ́rin, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Tí ó bá jẹ́ pé kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ńkọ́? Tíṣà ní ADHD ni, ìyẹn ìṣòro àìfọkànsí àti àìjókòó-jẹ́ẹ́.

Kánsẹ́lọ̀ Sẹ́kọ́ńdírì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìwé ìbéèrè méjì ni, ma: ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́. Vanderbilt àti SNAP-IV wà lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì mẹ́sàn-án wà fún àìfọkànsí, mẹ́sàn-án fún àìjókòó-jẹ́ẹ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní mẹ́fà nínú ọ̀kan, fún oṣù 6, ní ibi méjì ó kéré tán, kó sì ti hàn kó tó pé ọdún 12. Bó bá jẹ́ kíláàsì nìkan ló ti ń ṣe é, tó ń jókòó jẹ́ẹ́ nílé, ẹ wo kíláàsì náà ná. Ọmọ tí kò lè ka ohun tó wà lójú pátákó á máa yí kiri. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ láìsí pé ẹ sọ ohun tó yẹ kó kọ.

Olùkọ́ Àkànṣe, Ìkòrò-Èkìtì

Ọjọ́ àyẹ̀wò: àárọ̀ ni kó jẹ́, kí ọmọ ti jẹun, kó mú awò rẹ̀ dání bó bá ní. Ìsọ̀rí WISC nìkan lè gba wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, tẹ́ẹ̀sì ìmọ̀ ìwé náà lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in sí àárọ̀ méjì. Bí ibà bá ń mú un, ẹ sún un síwájú. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé wọ́n fẹ́ mọ bó ṣe ń kọ́ nǹkan, pé àwọn ìbéèrè kan á le, kò sì sí ẹgba níbẹ̀.

Lẹ́yìn ripọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ tó kù. Fún ọmọ tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ ìwé kíkà, ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ́sẹ̀, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré papọ̀. Ìró àti lẹ́tà ni kí ẹ máa kọ́, láti orí èyí tó rọrùn, kí ẹ má fo ọ̀kankan. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ ní kó ka àyọkà tuntun fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ kọ iye ọ̀rọ̀ tó kà tọ̀nà sílẹ̀. Bí iye náà kò bá gbéra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ yí ọ̀nà ìkọ́ni padà.

Ní kíláàsì, ẹ fún un ní nóòtì dípò kó máa dà á kọ láti pátákó. Ẹ ka ìbéèrè sáyẹ́ǹsì àti CRS tàbí IRS sí i létí, torí kì í ṣe ìwé kíkà lẹ ń dán wò níbẹ̀. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún àkókò rẹ̀: ìdánwò wákàtí kan á di ìṣẹ́jú 75. Ẹ má pè é lójijì pé kó dìde kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì.

Mo sì lòdì sí kí wọ́n mú ọmọ tún kíláàsì ṣe. Ẹ̀kọ́ kan náà, ní ọ̀nà kan náà, kò ní wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Tíṣà Púráímárì, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín fún ọmọ tó ní dyslexia. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pàdánù sáà kan gbáko nítorí àìsàn, tí kò sí ìṣòro mìíràn, títún kíláàsì ṣe lè gbà á.

Olùkọ́ Àkànṣe, Ìkòrò-Èkìtì

Ẹ̀yin lẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí iye ọjọ́ tí kò wá fi gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì.

Alámòójútó, Adó-Èkìtì

Ẹnìkan béèrè nínú àpótí ìránṣẹ́ nípa WAEC àti JAMB. Ta ló mọ̀ ọ́n?

Kánsẹ́lọ̀ Sẹ́kọ́ńdírì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

WAEC ní ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìlera tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé e síwájú wọn, nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ẹni tó bá dúró títí di ọ̀sẹ̀ ìdánwò ti pẹ́. Ní SS 1 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó lè hàn nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ pé ọmọ ti ń gba àfikún àkókò nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ láti ìgbà yẹn. Ripọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ní orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó ṣe é, ipò rẹ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò, orúkọ tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ẹ̀dà wọn. Kó sì sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ọmọ ní pàtó. "Ẹ ràn án lọ́wọ́" kò tó. JAMB ní ètò àkànṣe kan tó ń jẹ́ JEOG (JAMB Equal Opportunity Group) láti 2017, àwọn tí kò ríran ni wọ́n dìídì ṣe é fún, nítorí náà ẹ má fọkàn sí i pé ó kan dyslexia. Ẹ gba ọ́fíìsì wọn l'Adó lọ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Ẹ ṣe àwòkọ ripọ́ọ̀tì mẹ́ta, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ òbí, ẹ má fi í sílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́.